Ìpẹ́ Ẹ̀yìn Etí

Bí a bá ń ka ẹ̀yà ara tí àwọn baba wa fi pa òwe, etí kò ní gbẹ́yìn. Wọ́n ní etí mẹ́ta kò yẹ orí. Wọ́n ní etí tí ó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Wọ́n ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ni í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ àwọn òwe wọ̀nyí wò dáadáa, a ó rí i pé iṣẹ́ tí etí ń ṣe ni wọ́n dá lé lórí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bèèrè àlàáfíà etí fúnra rẹ̀. Ihò etí ni ó gba gbogbo oríyìn. Awọ tí ó yí i ká, àti kọ̀rọ̀ kékeré tí ó wà láàárín etí àti irun orí, ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Kọ̀rọ̀ tí a kò kà sí yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ó ti ń bá mi jà, tí èmi náà sì ń bá a jà, tí ìjà ọ̀hún kò sì tí ì parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni awọ tí ń bó lẹ́yìn etí olùkọ́ wá ṣe nínú ìwé àwọn onímọ̀ èdè. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti awọ lọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ wà níbẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ohun mìíràn ni a óò máa pè é. Ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin kan tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kúrò nílé-ìwé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú ènìyàn rí: ètè a là, ẹsẹ̀ a funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó gba inú eérú kọjá, àtẹ́lẹwọ́ a le koko. Nígbà tí ẹ̀yìn etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí ó sì ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọyẹ́ ni a di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ìpẹ́ kò lọ. A máa pòórá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, bí àlejò tí ó yà lọ kí ará oko, a sì tún padà wá jókòó sí ààyè rẹ̀. Bí mo bá fi ìka kàn án, ìyẹ̀fun funfun a já bọ́ sí èjìká mi. Bí aṣọ dúdú bá wà lọ́rùn mi, n ó dà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo bọ̀. Kì í dùn mí, ṣùgbọ́n a máa yún mí, pàápàá bí oòrùn bá mú mi làágùn, tàbí bí mo bá ṣàìsùn nítorí ìwé ìdánwò tí mo ní láti máàkì. Ní àkókò yẹn ni mo di ẹni tí kì í bọ́ fìlà abetí-ajá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé oge ni, wọ́n ní kò sí ẹni tí fìlà ìbílẹ̀ yẹ tó olùkọ́ Yorùbá. Wọn kò mọ̀ pé etí fìlà ni mo fi ń bo etí ara.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn sọ ọ́ pọ̀. Ẹnì kan ní làpálàpá ni. Ẹnì kejì ní kúrúnà ni. Ẹnì kẹta, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, rẹ́rìn-ín, ó ní n kì í fọ ẹ̀yìn etí mi dáadáa nígbà tí mo bá ń wẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yìí ni ó dùn mí jù, nítorí pé láti kékeré ni ìyá mi ti fi kànìnkànìn kọ́ mi pé ẹ̀yìn etí ni a fi ń mọ ọmọ tí a tọ́jú. Nígbà tí mo lọ kí ìyá náà ní àsìkò ìsinmi, ó ṣí etí fìlà mi sókè, ó wo ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní: “Ọkọ mi, kí ló dé tí o kò ti sọ fún mi?” Àdí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó gbé jáde. Ó ń fi pa ẹ̀yìn etí mi lálaalẹ́, ó sì ń fi omi ewé asúnwọ̀n ṣàn án láràárọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún, ìpẹ́ náà rọ̀, ó ṣí kúrò, awọ abẹ́ rẹ̀ sì ń dán. Inú ìyá mi dùn, inú tèmi náà dùn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ogúnjọ́ tí ìpẹ́ tún fi yọjú.

Láàárín àkókò yìí ni oníṣọ́ọ̀bù oògùn kan ládùúgbò wa fi ìpara kan lọ̀ mí. Ó ní oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀, àti pé kò sí àrùn awọ tí ó lè dúró níwájú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rà á, nítorí ohun tí mo ti fojú mi rí. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ti ra irú ìpara bẹ́ẹ̀ fún ìpẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ojú rẹ̀ ń dán bí dígí, gbogbo ará ilé sì ń yìn ín. Láti ìgbà náà ni kò ti lè fi ìpara ọ̀hún sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, awọ ojú náà ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá pa á díẹ̀, a máa ta á. Bí ó bá sì fi ìpara náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ojú a wú, a sì ṣú bo. Ohun tí ó ń wò tẹ́lẹ̀ kéré sí ohun tí oògùn wá dá sí i lára. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ni í le koko bí ojú ẹja.

Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀ tí ìpẹ́ ti ń lọ tí ó ń bọ̀, mo tọ ilé ìwòsàn ìjọba kan lọ, níbi tí dókítà onímọ̀ awọ ara wà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti gba nọ́ńbà. Oòrùn ti kan àtàrí kí ó tó kàn mí. Obìnrin ni dókítà náà. Ó wo ẹ̀yìn etí mi, ó wo orí, ó wo irun òkè ojú, ó wo ẹ̀gbẹ́ imú àti àyà. Ó ní kí n ká apá aṣọ àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè, ó wo ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún. Ó bi mí bóyá mo máa ń lo oògùn tí ń sọ ewú di dúdú. Ó gba awò ojú mi, ó yẹ ọwọ́ rẹ̀ tí ń kan ẹ̀yìn etí wò. Lẹ́yìn èyí ni ó tó sọ̀rọ̀.

“Olùkọ́,” ni ó wí, “ẹ má fòyà. Èyí kì í ṣe làpálàpá, kì í ṣe kúrúnà, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Kò lè ti ara yín ran ìyàwó yín tàbí ọmọ yín. Seborrhoeic dermatitis ni a ń pè é ní èdè iṣẹ́ tiwa.”

Ẹ̀kọ́ tí obìnrin yìí kọ́ mi ní ọjọ́ náà, n ó gbìyànjú láti sọ ọ́ ní èdè wa. Lára gbogbo àgbà ènìyàn, àtolówó àttálákà, àtẹni tí ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ àtẹni tí ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni ohun alààyè tín-ín-tín kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Ẹbí olú ni. Ìbátan ìwúkàrà tí ń mú búrẹ́dì wú ni pẹ̀lú. Malassezia ni àwọn onímọ̀ ń pè é, láti inú orúkọ ará Faransé kan, Louis-Charles Malassez, tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1874 nígbà tí ó ń yẹ ìpẹ́ orí ènìyàn wò. Ní 1887 ni dókítà ará Jámánì kan, Paul Unna, ṣàpèjúwe àrùn náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rá tí awọ wa ń sun jáde ni oúnjẹ ohun alààyè yìí. Ìdí nìyẹn tí ó fi fẹ́ràn ibi tí ọ̀rá pọ̀ sí: àtàrí, irun òkè ojú, ẹ̀gbẹ́ imú, ẹ̀yìn etí, ẹnu ihò etí, àárín àyà. Bí ó ti ń jẹ ọ̀rá, ó ń fi nǹkan sílẹ̀ tí ó lè ta awọ. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, awọ a gbà á mọ́ra, ọ̀rọ̀ a sì tán. Lára àwa kan, awọ kò gbà: awọ titun a máa yára gòkè ju bí ó ti yẹ lọ, ti àtijọ́ a sì máa já ní ìpẹ́ìpẹ́.

Ó ní ọmọ ọwọ́ a máa ní irú rẹ̀ lórí ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, a sì lọ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ènìyàn bá bàlágà tí ọ̀rá ara sì pọ̀ sí i ni ó tún lè yọjú. Láàárín ọdún 30 sí 60 ni ó wọ́pọ̀ jù lára àgbàlagbà, ó sì ń bá ọkùnrin jà ju obìnrin lọ. Ọyẹ́ kò dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àìsùn àti ìdààmú ọkàn. Bí ó bá dé lójijì tí ó sì bo ara ju bí ó ti yẹ lọ, dókítà lè ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí pé a máa le lára ẹni tí kòkòrò HIV ti dín agbára tí ara rẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn kù. Kì í ṣe ìtìjú láti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ni ó ń fún ni.

Ó tún sọ ohun kan tí n kò gbàgbé. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn Òyìnbó kọ, wọ́n ní awọ a máa pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í ṣe dandan kí ó pọ́n. Ohun tí a sábà máa ń rí ni àmì tí ó mọ́ ju àwọ̀ ara yòókù lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀, tí ó sì ti gbọ́ pé àmì funfun lára dúdú kì í ṣe àmì rere, lè fi ojú ẹ̀tẹ̀ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí i: àmì ẹ̀tẹ̀ a sábà máa kú tipiri, bí a bá fi òwú kàn án, ẹni tí ó ni ara kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tẹ̀ pàápàá kò sì jẹ́ ohun tí a ń lé ènìyàn sígbó fún mọ́, nítorí pé láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tí ń wò ó sàn.

Nígbà tí ó kan ìtọ́jú, ó kọ ọṣẹ olómi kan fún mi tí oògùn ketoconazole wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n ìdá 2 nínú 100. Ó ní kí n fi fọ orí àti ẹ̀yìn etí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí n má fi omi ṣàn án kíákíá; kí n jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí pé ọṣẹ tí kò bá dúró kò lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí n má sì dá a dúró nítorí pé ara ti dán. Ó fún mi ní ìpara hydrocortisone tí kò lágbára púpọ̀, ìdá 1 nínú 100, fún ìgbà tí yíyún bá pọ̀ nìkan. Ó fi ìka mẹ́ta na tábìlì: “Kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ó bá tán, ẹ fi í sílẹ̀.” Ó ní kí n má fi òwú orí igi ro inú etí, kí n má fi èékánná ha ìpẹ́, kí n sì máa nu ọwọ́ awò ojú mi. Mo sọ ti àdí fún un. Kò bú ìyá mi. Ó ní òróró a máa rọ ìpẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá rọ̀ ọ́ tán, kí a fọ ọ́ kúrò, nítorí pé bí òróró bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, oúnjẹ ni a tún gbé sílẹ̀ fún ohun tí a ń lé.

Mo wá béèrè ohun tí gbogbo aláìsàn máa ń béèrè. Mo ní: “Dókítà, nígbà wo ni yóò tán?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: “Olùkọ́, kò ní tán. Ṣùgbọ́n yóò máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.”

Mo ń ronú ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ títí mo fi dé ilé. Ẹ̀yin tí ń múra ìdánwò, ẹ ti kọ́ nípa ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, irú èyí tí a lè fi àbọ̀ là sí méjì. Wòsàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: dókítà wò ó sàn. Mo rí i ní ọjọ́ náà pé ohun tí gírámà là sí méjì, ayé náà là á sí méjì. Wò wà lọ́wọ́ wa. Wò ni kí a fojú sí nǹkan, wò náà ni kí a tọ́jú aláìsàn. Èdè wa kò ya ìríran kúrò lára ìtọ́jú. Sàn ni kò fi gbogbo ìgbà sí lọ́wọ́ wa. Àrùn wà tí a ń wò tí ó sì ń sàn. Àrùn wà tí a óò máa wò ní gbogbo ọjọ́ ayé wa, tí wíwò náà gan-an sì jẹ́ àlàáfíà tí ó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo gba èyí gbọ́ ni ọkàn mi balẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ pàápàá kò yàtọ̀. Ní ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn. Bí wọ́n bá ti lọ sí ìsinmi, àmì ohùn a já dànù, n ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí dò, rè, mí. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àṣìṣe ń padà wá.

Nísinsìnyí mo dé orí ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin tí mo mẹ́nu bà. Kíláàsì kẹta ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdánwò àṣekágbá ti kíláàsì náà sì ku oṣù mẹ́ta. Àmì funfun yọ sí i lẹ́yìn etí méjèèjì, ó sì gba iwájú irun dé òkè ojú. Ní ọjọ́ kan, ìyá ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa, ó ní ọmọ òun kò ní bá adẹ́tẹ̀ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò sùn sí ọ́fíìsì. Kí agogo ìsinmi tó lù, ó ti dé gbogbo kíláàsì. Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì wá mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta mo wọ kíláàsì náà fún iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àfipè, ṣùgbọ́n n kò kọ́kọ́ kọ nǹkan sójú pátákó. Mo bọ́ fìlà mi. Mo dẹ etí òsì sí wọn, mo ní: “Ẹ wá wò ó.” Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọmọkùnrin kan tí kì í bẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó wò ó, ó ní: “Sà, ó jọ tirẹ̀.” Mo ní: “Ó jọ ọ́.” Òmíràn béèrè pé: “Sà, ṣé kì í ràn?” Mo sọ fún un pé ọmọ mi kékeré ń sùn lápá mi lálaalẹ́, ẹ̀yìn etí rẹ̀ sì ń dán. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún mi fún wọn. Mo tún sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe dókítà, àti pé jíjọ kì í ṣe jíjẹ́. Mo ní àrùn awọ orí wà tí ń ràn, bí irú làpálàpá tí ń jẹ irun ọmọdé kúrò lórí ní kọ́bọ̀kọ́bọ̀, oògùn mímu ni a sì fi ń wò ó, kì í ṣe ìpara. Nítorí náà kì í ṣe èmi tàbí ìyá ẹnikẹ́ni ni yóò sọ orúkọ ohun tí ń ṣe ọmọ náà. Ilé ìwòsàn ni yóò sọ ọ́.

Ọ̀gá wa fún mi láyè, èmi àti olùkọ́ obìnrin kan sì lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ń din àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Agbada wà lórí iná, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà níwájú rẹ̀. Ó sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni àwọn tí ń ra àkàrà lọ́wọ́ òun láti ọdún pípẹ́ ti ń gba ọ̀nà kejì kọjá. Ó ní: “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣe ẹni ẹ̀yìn. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.” Ọmọ náà wà nínú yàrá, ó fi gèlè ìyá rẹ̀ wé orí ní ọ̀sán gangan. Mo bọ́ fìlà mi fún òun náà. Ó wò ó, kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tú gèlè.

Ilé ìwòsàn wò ó. Ohun kan náà tí ó ń ṣe mí ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Wọ́n fún un ní ọṣẹ àti ìpara. Nítorí pé irun dídì wà lórí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún fífọ rẹ̀. Ìwé tí dókítà kọ ni ọ̀gá wa kà fún ìyá tí ó mú ẹjọ́ wá. Obìnrin náà kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọmọ wa padà sí kíláàsì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó tẹ́lẹ̀ kó ìwé rẹ̀ padà síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó ṣe ìdánwò náà, ó sì yege. Àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn kò padà.

Àwọn tí kò padà yẹn ni wọ́n jẹ́ kí n mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè jẹ ènìyàn lówó. A ní làpálàpá, a ní kúrúnà, a ní ẹ̀tẹ̀, a kò ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún èyí tí kì í ràn tí kì í sì í pa ni. Nígbà tí àyè orúkọ bá ṣófo, èyí tí ó burú jù nínú orúkọ àdúgbò ni í wọ ibẹ̀. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde, ìwé náà àti àwọn tí ó tẹ̀lé e sì ti jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ láìṣẹ́ ojú. Iṣẹ́ kan náà ṣì wà fún wa láti ṣe lórí ara ènìyàn. Ní tèmi, ìwúkàrà awọ ni mo ń pe ohun alààyè náà nínú kíláàsì mi, mo sì ń pe àrùn rẹ̀ ní ìpẹ́ ọlọ́ràá. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé onímọ̀ ìwé kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú awọ. Anezi Okoro, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa ka ìtàn rẹ̀ One Week One Trouble nígbà tí a wà ní girama, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àrùn awọ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ojú yín ni ó ń kọ́kọ́ rí ohun tí ó wà lára ọmọ. Bí ẹ bá rí ìpẹ́ lẹ́yìn etí, ẹ má tètè fi ohùn sí i. Bí ó bá jẹ́ ibi tí a lu yẹtí sí ni ó ti ń yún tí ó sì ń sunmi, ó lè jẹ́ irin nickel inú yẹtí ni ara kò fẹ́. Bí ó bá nípọn tí ó funfun bí fàdákà tí ó sì tún wà ní ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bí irun bá ń já kúrò, kí ọmọ náà yára dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ tí ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá, mo mọ̀ pé àìsùn pọ̀ lọ́wọ́ yín lásìkò yìí. Bí ìpẹ́ bá yọ sí yín, ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì gba ìpara lọ́wọ́ ẹni tí kò wo ara yín kí ó tó tà á.

Ní ti èmi, alaalẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbà tèmi. Mo ń fi ọṣẹ náà sórí, mo ń dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì ń fi omi ṣàn án. Ọyẹ́ tó kọjá mú un wá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó tún lọ. Mo ṣì ń dé abetí-ajá, nítorí pé ó yẹ mí, ṣùgbọ́n òkè ni etí rẹ̀ ń kọjú sí nísinsìnyí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn etí mi, mo ń sọ orúkọ rẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí á máa wo nǹkan dáadáa kí á tó sọ ọ́ lórúkọ.